Ọwọ́ Tó Ń Gbé Àwo Ajá Kalẹ̀

Ajá kan wà lára àpò náà tó ń rẹ́rìn-ín. Irun rẹ̀ gùn, ó ń dán bí irun ọmọge tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù onírun. Mo dúró níwájú rẹ̀ nínú ilé ìtajà kan ní Òṣogbo, fáànù ń fẹ́ mi lórí, oorun ọkọ̀ ṣì wà lójú mi, mo sì ń rò ó pé n kò rí ajá tó ń rẹ́rìn-ín rí ní Ìlá. Àwọn ajá tiwa kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n á wò ọ́, wọ́n á ro ọ̀rọ̀ rẹ wò, wọ́n á sì padà lọ sùn sábẹ́ mọ́tò.

Oúnjẹ ọmọ ajá ni mo wá rà. Ẹ má tíì bú mi. Èmi náà mọ̀ pé èèyàn ò tíì jẹun yó, ká tó wá sọ ti ajá tí à ń wọkọ̀ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá mi ló wà nídìí ajá yìí, ọ̀rọ̀ náà kò sì kéré.

Ojú Bàbá ti ń ṣú bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. A ti gbé wọn lọ sí ọsibítù, wọ́n ti fún wọn ní oògùn tí à ń kán sójú, dókítà sì ti sọ fún wa pé èyí tó ti lọ ti lọ, ká máa tọ́jú ìyókù. Ìyókù náà kò ju òjìji lọ. Bàbá ní ńṣe ni ayé dà bí àárọ̀ ọyẹ́, nígbà tí kùrukùru bá bo ọ̀nà oko, téèyàn á máa rí ohun funfun àti ohun dúdú, tí kò ní mọ èyí tó jẹ́ igi àti èyí tó jẹ́ èèyàn. Síbẹ̀, wọ́n ń lọ sóko. Oko kòkó àti obì wọn kò jìnnà, lójú ọ̀nà Ọ̀rà ni, a máa ń yà kúrò lójú títì wọ ọ̀nà tóóró kan. Ajá wọn àtijọ́ ló ń ṣáájú. Kò sẹ́ni tó kọ́ ajá náà níṣẹ́. Ó kàn ń lọ níwájú ni. Bí gbòǹgbò bá wà lọ́nà, á yà, Bàbá náà á yà.

Nígbà tí òjò ọdún náà bẹ̀rẹ̀, ajá yẹn sùn sábẹ́ àga Bàbá lọ́sàn-án, kò sì jí. Ogbó ló pa á.

Mo pe bọ̀ọ̀dá mi ní Ìbàdàn láti sọ fún wọn. Bọ̀ọ̀dá mi ni àkọ́bí, èmi ni mo tẹ̀lé wọn. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ó ti tó wàyí. Bàbá á wá máa gbé lọ́dọ̀ mi." Mo mọ ilé bọ̀ọ̀dá mi. Ilé tó dára ni, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, irin wà lójú fèrèsé gbogbo. Bàbá á jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n á tan tẹlifíṣọ̀n tí wọn ò rí sílẹ̀ fún wọn. Bàbá sì ti sọ fún mi pé bí àwọn bá ti kúrò lóko, kí a kúkú máa wá ibi tí a máa sin àwọn sí. Wọn ò rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n sọ ọ́.

Mo bẹ bọ̀ọ̀dá mi títí ẹnu fi ń bó mi. Wọ́n gbà níkẹyìn pé àwọn á fi Bàbá sílẹ̀ di ìgbà ọyẹ́. Bí ajá mìíràn bá lè mú Bàbá dé oko kó sì mú wọn padà, kò sí wàhálà, kí Bàbá máa gbélé wọn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mọ́tò á wá gbé wọn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbé ọjọ́ ogbó bàbá mi lé orí ọmọ ajá tí a kò tíì rí.

Ṣé ẹ ti rí ìdí tí mo fi lọ sí Òṣogbo?

Ọmọbìnrin tó ń tajà náà ní, "Mọ́mì, èwo lẹ fẹ́?" Mo ní kó jẹ́ kí n kàwé ná. Tíṣà ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì ni, n kì í sì í ra ohun tí n kò kà. Mo yí àpò ajá tó ń rẹ́rìn-ín náà sẹ́yìn, mo wo ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀, àgbàdo. Mo pariwo, "Yéè! Àgbàdo ni mo wọkọ̀ láti Ìlá wá rà?" Ọmọbìnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lẹ́rìn-ín. Ó tọ́ka sí àpò ńlá kan tó ṣí sílẹ̀, ó ní owó pọ́ọ́kú ni ìyẹn, abọ́ làwọn fi ń wọ̀n ọ́n. Mo wò ó, mo ní rárá, ta ló mọ ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i àti iye eku tó ti kí i? Ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ni mo rí ọ̀kan nísàlẹ̀, àwòrán rẹ̀ kò tilẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹran adìẹ ló ṣáájú nínú ohun tí wọ́n fi ṣe é, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ ajá ló wà fún, ẹnu rẹ̀ dì pinpin, ọjọ́ tó máa bàjẹ́ sì ṣì jìnnà. Mo gbé e mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ, mo bá a wọkọ̀ padà. Mo sùn lọ lórí rẹ̀. Nígbà tí mo jí, igi ọ̀nà ilé wa ti ń kọjá lójú fèrèsé, òjò winniwinni ń rọ̀, mo rò ó pé gbogbo nǹkan máa dára.

Ilé ọ̀rẹ́ Bàbá kan ní Ọ̀rà la ti lọ mú ajá náà, bàbá ọdẹ kan tí òun náà ti dàgbà. Wọ́n kó àwọn ọmọ ajá lé Bàbá lẹ́sẹ̀. Bàbá ń fọwọ́ pa wọ́n lórí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbé etí wọn wò, wọ́n ń gbọ́ òórùn ẹnu wọn. Wọ́n wá béèrè pé, "Èwo ni ìrù rẹ̀ funfun nínú wọn?" A fi hàn wọ́n. Bàbá ní kí wọ́n jẹ́ kó rìn lọ síwájú díẹ̀. Ó rìn lọ, ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Ojú Bàbá ń tẹ̀ lé e. "Mo rí i," ni wọ́n wí. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n lè nu ojú mi.

Ọ̀kadà méjì la gùn padà, Bàbá níwájú, èmi lẹ́yìn, ọmọ ajá nínú ìborùn mi. Oòrùn ti rọlẹ̀. Òórùn ewé kòkó tútù ń fẹ́ wá láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì, èémí ajá náà sì ń gbóná sí mi láyà. Fún ìgbà díẹ̀, n kò mọ ọdún tí a wà. Ó ń ṣe mí bíi pé ọmọdé ni mí, pé ìyá mi ń dúró dè wá nílé, pé bí mo bá délé, màá bá wọn níbi ààrò. Ọ̀kadà bọ́ sí kòtò, mo jí. Ìyá mi ti lọ tipẹ́.

Bí a ti délé, Bàbá ní kí n bá àwọn sun iṣu díẹ̀. Mo sun ún. Bàbá bù ú, wọ́n jẹ ẹ́ kúnná, wọ́n tu ú sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ń na ọwọ́ wá ajá. Mo fò dìde. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́! Iṣu ẹnu yín kẹ̀? Ajá yìí ní oúnjẹ tirẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ sinmi, mo wà níbí." Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n jẹ iṣu wọn fúnra wọn.

Dókítà ẹranko tó wà nílùú ti sọ fún mi pé omi lọ́wọ́ọ́rọ́ ni kí n máa fi rẹ oúnjẹ náà kó rọ̀, kí n máa fún un ní díẹ̀díẹ̀, léraléra, kí n má fún un ní egungun, àlùbọ́sà tàbí mílíìkì agolo. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo máa ń se ẹyin, mo máa ń gún ẹja gbígbẹ sí i. Bí Bàbá bá ti gbọ́ ìró àwo, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, èmi á sì ti já àwo gbà. "Ẹ gbé e fún mi, Bàbá mi." Nílé tiwa, ọmọ tó bá jókòó tí àgbà ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ò kọ́ ọ ni. Ìyá mi ti fi ìgbálẹ̀ kọ́ mi ní ìyẹn. Ẹ wá fojú inú wo bàbá arúgbó tó ń bẹ̀rẹ̀ gbé àwo fún ajá, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó lápá tó lẹ́sẹ̀ wà ńbẹ̀ tó ń wo ìran!

Àwọn ará ìta sì rí mi. Ìyá ìjọ tí ilé wọn dojú kọ tiwa máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n á ní, "Ọmọ rere! Àwọn ọmọ tìrẹ náà á tọ́jú rẹ." Màá kúnlẹ̀, màá ṣe àmín, orí mi á wú.

Ajá náà dàgbà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kún, ara rẹ̀ ń dán. Lọ́sàn-án, lẹ́yìn oúnjẹ, màá na ara sórí ẹní ní ọ̀ọ̀dẹ̀, rédíò Bàbá á máa sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nínú ilé, àwọn kòkó tí a sá síta á máa gbẹ nínú oòrùn, ajá á sì gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀. Oorun tó ń gbé mi lọ nígbà yẹn, n kò sun irú rẹ̀ rí. N kò bímọ púpọ̀, àwọn tí mo bí wà lọ́nà jíjìn. Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn ajá náà kọjá bó ṣe yẹ.

Lẹ́yìn tí òjò dá, Bàbá mú ọ̀pá, mo so okùn mọ́ ajá lọ́rùn, mo fi okùn lé Bàbá lọ́wọ́, wọ́n lọ. Mo wò wọ́n títí wọ́n fi yà kúrò lójú mi. Mo wọlé, mo ń ṣa ẹ̀wà, mo ń kọrin ìyìn. Kò pẹ́, mo gbọ́ tí okùn ń wọ́ nílẹ̀. Ajá ni. Ó ń ju ìrù, ó lọ dúró ti àwo rẹ̀, ó ń wò mí lójú.

"Bàbá dà?"

Mo sáré jáde láì wọ bàtà. Mo bá Bàbá ní ibi tí a ti ń yà sí ọ̀nà oko, wọ́n gbé ọwọ́ kan lé igi obì, wọ́n dúró jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Kùrukùru kò tíì lọ tán. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ mi.

"Ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ajá ti délé?"

"Ó ti délé, sà."

"Ó dáa. Mo rò pé ọkọ̀ ti gbá a ni."

A tún gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, àti lọ́jọ́ mìíràn sí i. Bí ó bá ti dé ibi tí kò rí mi mọ́, á já okùn gbà, ó di ilé. Mo sọ fún bọ̀ọ̀dá mi, nítorí mo ti ṣèlérí pé n kò ní fi nǹkan pamọ́ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dùn. Wọ́n ní, "Ajá tó máa sọnù ni kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Tiyín yìí, ilé ló mọ̀. Mò ń bọ̀ nígbà ọyẹ́, jẹ́ kí Bàbá máa múra."

Bàbá gbọ́. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí n bá àwọn kó aṣọ àwọn jáde kí n sá a. Mo sá a sórí okùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, agbádá tí wọ́n wọ̀ níbi ìgbéyàwó mi wà nínú rẹ̀, òórùn káńfọ̀ gba gbogbo ìta. Bàbá jókòó sí àárín aṣọ wọn bí àlejò. Inú bí mi débi pé mo kọjú sí ajá. "Aláìmoore! Gbogbo ohun tí mo fún ọ jẹ! Ṣé ohun tí o máa fi san án nìyí?" Ó lá mi lẹ́sẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Bàbá jókòó sórí àga wọn ní ọ̀ọ̀dẹ̀, mo jókòó sí òdì kejì, ajá wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo rí i tí Bàbá ju ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, wọ́n ń fi ìka wá nǹkan nínú afẹ́fẹ́. Ibi tí orí ajá àtijọ́ máa ń wà ni. Ọwọ́ náà wá a síwájú, ó wá a sẹ́yìn, kò bá nǹkan kan. Bàbá rọra gbé ọwọ́ padà sórí itan wọn.

Háà. Mo wo ajá tó wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo bi ara mi pé, láti ọjọ́ tí ajá yìí ti dé, ìgbà wo ni Bàbá fún un ní òkèlè kan? N kò rántí. N kò jẹ́ kí wọ́n fún un. Mo ti fi ìwà ọmọ rere gba ajá lọ́wọ́ bàbá mi.

"Bàbá," mo ní, "láti ọ̀la, ẹ̀yin lẹ máa fún ajá lóúnjẹ."

"Èmi? Ìwọ á wà níbo?"

"Màá jókòó."

"Ọmọ mi, kí ni àwọn ará ìta máa wí?"

"Kí wọ́n máa wí i."

Ẹnu mi ló le, ọkàn mi kò le tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níta gbangba, wọ́n ń fọwọ́ wá ẹnu àpò, wọ́n da omi sí ara wọn lẹ́sẹ̀, oúnjẹ ń dà sílẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìdí mi, mo jókòó lé e. Wọ́n jẹ iṣu sísun mọ́ oúnjẹ Òṣogbo náà, wọ́n fi ọwọ́ pò ó pọ̀. N kò wí nǹkan kan. Ìyá ìjọ yọ sí ẹnu ọ̀nà wọn.

"Ṣé ara rẹ ò yá ni?"

"Ara mi yá, mà."

"Tí Bàbá fi ń bẹ̀rẹ̀ fún ajá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n ní, "Hùn-ún." Kí n tó dé ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ ìsinmi, ọ̀rọ̀ náà ti dé ibẹ̀. N kò lè ṣàlàyé fún Ìyá ìjọ. Mo mọ̀ wọ́n. Bí mo bá sọ ọ́, àwọn fúnra wọn á máa wá gbé àwo fún ajá láràárọ̀, kí Bàbá lè sinmi.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ajá. Kò yé e. Ó ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi lọ́sàn-án, mo gbé àga ti ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan, ó fi ẹnu gbé àwo rẹ̀, ó gbé e wá síwájú mi, ó fi í lélẹ̀, ó jókòó. Mo wo ojú ọ̀run. Bàbá ń pè é láti ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú èdè Ìgbómìnà àtijọ́ tí àwa ọmọ kò sọ dáadáa mọ́. Ó pẹ́ kó tó dìde. Nígbà tó gbé àwo rẹ̀ lọ, mo wọlé, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí ọyẹ́ fi dé. Bàbá ti ń mú un lọ dé títì nígbà yẹn, ó ti ń bá wọn lọ, ó ń bá wọn bọ̀. Ṣùgbọ́n inú yàrá ni mo máa ń wà tí wọ́n bá ń jáde. N kò mọ ohun tó máa ṣe bó bá rí mi.

Bọ̀ọ̀dá mi dé ní àárọ̀ láì sọ fún wa, wọ́n ti sun Òṣogbo mọ́jú. Mọ́tò dúró. Wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n rí Bàbá níbi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ fọ àwo ajá, wọ́n rí mi lórí àga. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

"Ìwọ! O jókòó?"

Wọ́n lọ bá Bàbá, wọ́n na ọwọ́. "Bàbá, ẹ gbé e wá."

"Ẹ má gbà á lọ́wọ́ wọn!"

Èmi ni mo pariwo bẹ́ẹ̀. N kò pariwo mọ́ bọ̀ọ̀dá mi rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo là á mọ́lẹ̀ fún wọn níbẹ̀, láti orí iṣu dé orí àwo. Bọ̀ọ̀dá mi ń wò mí. Bàbá fọ àwo wọn tán, wọ́n nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, wọ́n mú ọ̀pá, wọ́n mú àdá. Ajá dìde. Kò sí okùn lọ́rùn rẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá mi ní, "Pè é."

"Sà?"

"Ajá yẹn. Bí wọ́n ṣe ń lọ yìí, pè é bí o ṣe máa ń pè é. Tó bá yà sọ́dọ̀ rẹ, Bàbá á bá mi lọ lónìí. N ò ní jókòó sí Ìbàdàn kí wọ́n pè mí pé wọ́n ń wá bàbá mi nínú igbó."

Wọn kò jẹ̀bi. Mo wo Bàbá. Wọ́n ti gbọ́ ohun tí a ń sọ, wọ́n kàn ń lọ lẹ́yìn ajá. Mo ta ìka, mo pè é. N kò fi ohùn tàn án jẹ, ohùn oúnjẹ ni mo fi pè é, èyí tó mọ̀.

Ajá dúró. Bàbá náà dúró, nítorí ajá dúró. Ó yíjú sí mi, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, ìrù rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan. Mo ń fẹ́ kó wá, ẹ dárí jì mí, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kó má wá. Ó gbé ẹsẹ̀ náà sílẹ̀. Ó yíjú padà, ó ń lọ níwájú Bàbá, Bàbá tẹ̀ lé e.

Bọ̀ọ̀dá mi mí kanlẹ̀, wọ́n jókòó sórí àga tí mo dìde kúrò lórí rẹ̀. Wọ́n ní bóyá mo lè fún àwọn ní ohun tí àwọn máa jẹ. Mo ní ó wà, sà. Ṣùgbọ́n n kò tíì lọ. Bàbá àti ajá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí ọ̀nà ti yà, kùrukùru ti ń bò wọ́n. Mo tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, jẹ́jẹ́, kì í ṣe nítorí bọ̀ọ̀dá mi.

Kò wẹ̀yìn.